Ọdún àkọ́kọ́ ní Ifẹ̀: ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ràn jọ síbí fún àwọn ọmọ tuntun

Alábòójútó
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lójoojúmọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí àtàwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbaniwọlé sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe, ibo lọmọ máa gbé, báwo ni wọ́n ṣe ń ka máàkì, kí lọmọ máa jẹ? Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Òfin kan péré: ẹ fi ìtàn ara yín sílé, ẹ sọ ohun tó ṣeé ṣe. Tó bá kan iye, ẹ kọ iye. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, Ìlọrin, Àkúrẹ́ àti Èkó, ẹ dá sí i, ohun tó ń mú ọmọ tuntun kọsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọgbà kan sí èkejì.

Bàbá Onífáìlì
Ìwé ló ń kọ́kọ́ dá ọmọ dúró, kì í ṣe ọpọlọ. Kó tó di ẹrù, kó ra fáìlì alápò tó ní bọ́tìnnì, kó wá kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀: ìwé ìgbaniwọlé ti JAMB, èsì UTME, èsì WAEC tàbí NECO, ìwé ìbí tàbí ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé girama, lẹ́tà ẹlẹ́rìí ìwà, àti rìsíìtì gbogbo owó tó ti san. Ti JAMB yẹn, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba ipò náà lórí CAPS (ojúlé JAMB tí wọ́n ti ń gba ipò tàbí kọ̀ ọ́) ni mò ń sọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ "a kí ọ kú oríire" tó wọ orí fóònù kò ṣí ìlẹ̀kùn kankan.

Ẹ̀dà mẹ́fà-mẹ́fà ni kó ṣe, kó sì ya fọ́tò pélébé méjìlá. Kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ á gba ọ̀kan, fákọ́tì á gba ọ̀kan, ilé ìwòsàn ilé-ìwé á béèrè, àwọn tó ń bójú tó ilé ìgbé á béèrè, ọ̀kan á sì sọnù dandan. Lọ́sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ìlà tó wà níwájú oníṣẹ́ fọ́tókọ́pì máa ń gùn bí ìlà epo, iná sì lè lọ nígbà tó bá kàn ẹ́ gan-an. Kó ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó ń fa ìyọnu jù lọ ni orúkọ. Ẹ tẹ́ NIN, JAMB, WAEC àti ìwé báńkì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi ìka tẹ̀ lé wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò rí i pé "Oluwaseun" wà níbì kan, "Seun" wà níbòmíràn. Orúkọ àárín wà níbí, kò sí lọ́hùn-ún. Ọjọ́ ìbí fi oṣù kan yàtọ̀. Àtúnṣe ti JAMB ń bẹ̀rẹ̀ láti orí pọ́tàlì JAMB fúnra rẹ̀, owó sì wà níbẹ̀. Ti NIN, ọ̀dọ̀ NIMC. Ẹ ṣe é nígbà tọ́mọ ṣì wà nílé. Ìbúra kóòtù lè tẹ́ akọ̀wé lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ìbúra.

Kọ́ọ̀sì-Rẹ́pù Àgbà
Bàbá ti sọ òótọ́. Èmi á mú ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì, torí ibẹ̀ ni ọmọ tó mọ̀wé gan-an ti ń kó sí kòtò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ wọn. Ní Ifẹ̀, wọn kì í sọ 100 level, "Part One" ni. Olùkọ́ tó ń wo fọ́ọ̀mù yín tó sì ń fọwọ́ sí i ni "part adviser". Ẹ mọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ wákàtí tó máa ń wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Ìlànà NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ni pé yúnìtì 15 ló kéré jù ní sáà kan, 24 ló pọ̀ jù. Àárín ibẹ̀ ni kọ́ọ̀sì yín máa bọ́ sí: àwọn tó jẹ́ ti ẹ̀ka yín gan-an, àwọn tí ẹ̀ka mìíràn ń kọ́ yín tó sì jẹ́ kànńpá, àti àwọn àṣàyàn. Ẹ má yan àṣàyàn torí pé ọ̀rẹ́ yín yan án. Ẹ gbé tábìlì àkókò kalẹ̀ kí ẹ wò bóyá wákàtí rẹ̀ kò kọlu ti kọ́ọ̀sì dandan. Tí méjèèjì bá kọlura ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun aago mẹ́wàá, wọ́n á kọlura títí sáà á fi parí.

Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ jù rèé:

Ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, kò ṣe ìdánwò rẹ̀. F ni.

Ọmọ lọ sí kíláàsì láti ọjọ́ kìíní, ó ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò fi kọ́ọ̀sì náà sórí pọ́tàlì. Èsì ò ní jáde rárá. Èyí burú ju F lọ lójú tèmi, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ náà tán.

Ọmọ forúkọ sílẹ̀ lórí pọ́tàlì, kò tẹ̀ ẹ́ jáde, part adviser kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí àríyànjiyàn bá dé, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́rin jáde, kí ọ̀kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí máa wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi jáde.

Àyè máa ń wà láti fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí yọ ọ́ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tó bá parí, ó parí. Ẹ má gbára lé ẹ̀bẹ̀.

Jáḿbáìtì001
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, CGPA yìí gan-an (ìpíndọ́gba pọ́ìntì gbogbo kọ́ọ̀sì), báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Gbogbo èèyàn ń dẹ́rù bà wá pẹ̀lú ẹ̀.

Olùṣírò
Àbúrò, ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ṣe mí láàánú pé Part Three ni ọ̀pọ̀ ti ń rí ẹni ṣe é fún wọn, nígbà tí omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Ifẹ̀ ń lo òṣùwọ̀n 5. Máàkì 70 sókè jẹ́ A, pọ́ìntì 5. 60 sí 69 jẹ́ B, pọ́ìntì 4. 50 sí 59 jẹ́ C, 3. 45 sí 49 jẹ́ D, 2. 40 sí 44 jẹ́ E, 1. Ìsàlẹ̀ 40 jẹ́ F, òdo. Àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn, 50 ni ìlà tiwọn, kí wọ́n má fi ti wa ṣe ìṣirò.

Ẹ fi pọ́ìntì sọ yúnìtì di púpọ̀ fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ wá fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ká sọ pé kọ́ọ̀sì mẹ́fà ni, yúnìtì 18:

yúnìtì 4, máàkì 72: 4 × 5 = 20
yúnìtì 4, máàkì 64: 4 × 4 = 16
yúnìtì 3, máàkì 58: 3 × 3 = 9
yúnìtì 3, máàkì 71: 3 × 5 = 15
yúnìtì 2, máàkì 47: 2 × 2 = 4
yúnìtì 2, máàkì 38: 2 × 0 = 0

Àròpọ̀ jẹ́ 64. 64 ÷ 18 jẹ́ 3.56. Ó wọ kíláàsì kejì ti òkè, torí 3.50 ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. (4.50 ni ti kíláàsì kìíní, 2.40 ni ti kejì ìsàlẹ̀, 1.50 ni ti kẹta.)

Ẹ wá wo ohun tí máàkì mẹ́ta péré lè ṣe. Tí 72 tó wà lókè yẹn bá jẹ́ 69, 20 á di 16, àròpọ̀ á di 60, 60 ÷ 18 á sì di 3.33. Ọmọ náà ti já sí kíláàsì kejì ìsàlẹ̀. Máàkì mẹ́ta yẹn, nínú tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àmúrelé ló sábà máa ń bọ́ lọ: 30 tàbí 40 nínú 100 ló ti ibẹ̀ wá, àwọn ọmọ tuntun sì máa ń rò pé eré ni. Lọ́nà kejì, tí 38 ìsàlẹ̀ yẹn bá jẹ́ 50, àròpọ̀ á di 70, CGPA á jẹ́ 3.89. Kọ́ọ̀sì yúnìtì 2 tí gbogbo yín ń fojú di nìyẹn.

Ìṣirò kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó bá ní 2.50 lẹ́yìn yúnìtì 18 ti kó 45 jọ. Kó tó lè dé 3.50 lẹ́yìn yúnìtì 36, ó nílò 126. 126 yọ 45 jẹ́ 81. 81 nínú yúnìtì 18 túmọ̀ sí 4.50. Ó ní láti ṣe kíláàsì kìíní ní sáà kejì kó tó lè dé ibi tí ẹni tó rọra ṣe 3.50 ní sáà kọ̀ọ̀kan wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé sáà àkọ́kọ́ kì í ṣe sáà ìmọ̀lú.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ wo ìwé ìlànà tiyín. Ibẹ̀ lo òṣùwọ̀n 7 fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yí i padà. Tí ẹ̀gbọ́n kan tó jáde láyé ìgbà náà bá ní 5.2 lòun fi jáde, kíláàsì kejì ti òkè ló ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Jáḿbáìtì001
Ẹ ṣeun gan-an sà. Tí F bá wá wọlé ńkọ́?

Olùṣírò
Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ. F ti sáà kìíní á dúró dè ọ́ títí di sáà kìíní ọdún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé òun ni àtẹ̀gùn sí kọ́ọ̀sì kan ní Part Two, o lè má lè gba ti òkè. Bó bá sì jẹ́ pé wákàtí rẹ̀ kọlu ti Part Two, ìwọ lo máa máa sáré láàárín méjèèjì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, F àtijọ́ kì í kúrò nínú ìṣirò bó o tiẹ̀ padà gba A. Bi part adviser rẹ bí tiyín ṣe rí.

Kọ́ọ̀sì-Rẹ́pù Àgbà
Kí n fi ti kíkàwé kún un. Kọ́ọ̀sì Part One tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka jọ ń gbà lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ sínú gbọ̀ngàn kan. Ẹni tó bá dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ẹ̀yìn ló máa dúró sí, kò ní gbọ́, kò ní rí pátákó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ni kí ẹ dé. Ẹ fi ìwé kọ ọ́, ẹ má ya fọ́tò pátákó nìkan. Fọ́tò ẹgbẹ̀ta tó wà lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń padà kà á.

Ìbéèrè àtijọ́ (pasko, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é) dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà lò ó kò dára. Wọ́n ń há ìdáhùn sórí. Ẹ kó ti ọdún márùn-ún jọ. Ẹ kọ́kọ́ wo àkòrí wo ló ń padà wá lọ́dọọdún, ẹ lọ ka ìyẹn nínú nóòtì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aago kalẹ̀, ẹ kọ ti ọdún kan láìwo ìwé. Tí olùkọ́ tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà bá ti yí padà lọ́dún yìí, ẹ dín ìgbẹ́kẹ̀lé yín nínú pasko kù sí ìdajì.

Ìdánwò oníkíkọ wákàtí méjì, tí ẹ máa dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá lo wákàtí kan lórí èyí tó mọ̀ jù kò lè gbà ju iye máàkì tí wọ́n kọ sí i lọ, yóò sì fi ìkejì sílẹ̀ lófo. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: ẹ yẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má sì dìde títí ẹ ó fi rí i pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yín.

Ìwé ìdánimọ̀ àti fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì lọ́wọ́, fóònù nílé. Bébà tí ẹ gbàgbé sínú àpò láti ìgbà tí ẹ ń ṣe àtúnyẹ̀wò, ẹ̀sùn ìréjẹ ni bó bá jáde, ẹ ìbáà má tíì wò ó. Ẹ yẹ àpò ara yín wò níta. Kò tán síbẹ̀ o: ẹni tí kò bá pé ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì, wọ́n lè má jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò. Ẹ rí i pé orúkọ yín wà lórí bébà wíwá-sí-kíláàsì.

Ọmọ Mòsáḿbíìkì
Ilé ìgbé. Orúkọ méjì tí ọmọ tuntun máa gbọ́ jù ni Angola fún ọkùnrin àti Mozambique fún obìnrin. Àyè ibùsùn, orí pọ́tàlì ni wọ́n ti ń dù ú. Ó ń ṣí, ó ń kún. Kí owó ti wà nínú àkáǹtì kó tó ṣí, kí dátà wà lórí fóònù méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ san án lọ́jọ́ náà, ẹ tẹ rìsíìtì jáde. Ẹni tó bá ní "mo máa san án lọ́la" máa ń bá òfìfo.

Tí àyè ò bá sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibùsùn ọlọ́run-ló-mọ-ẹni lọ̀ yín ní ìlọ́po owó. Ẹ ṣọ́ra. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí ibùsùn yẹn, tí àwọn alábòójútó bá yẹ yàrá wò, olówó á dákẹ́, ẹ̀yin lẹ máa kó ẹrù síta. Kí èèyàn máa bá ọ̀rẹ́ sùn fún ìgbà díẹ̀ wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ gbogbo ará yàrá, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín nìkan. Ìjà yàrá, àwọn tí wọn ò bi léèrè ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹrù: garawa olómi méjì tó ní ìdérí (ọ̀kan fún ìwẹ̀, ọ̀kan fún omi ìpamọ́), àgádágodo méjì fún lọ́kà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì tó ń gba iná sára, sílípáàsì rọ́bà fún ilé ìwẹ̀, okùn ìsáṣọ àti pẹ́ẹ̀gì. Ẹ kọ orúkọ sí ìdí garawa. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìdáná oníná wá, òun ló ń já fíúsì gbogbo ilé, wọ́n sì máa ń gbà á.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Tí àwọn ọmọkùnrin Awo (họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀) bá ń kọ "aro" sí yín bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá, ẹ má bú wọn padà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá dáhùn ni wọ́n máa ń fi ṣe orin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Tẹ́náǹtì Lágèrè
Fún àwọn tí ìta máa gbà: Lágèrè, Mayfair, Asherifa, Damico, ọ̀nà Ẹdẹ. Bó ṣe sún mọ́ géètì ni owó ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti géètì dé àárín ọgbà jìnnà gan-an, mọ́tò lẹ ṣì máa wọ̀. Ẹ fi owó mọ́tò lójoojúmọ́ kún owó ilé kí ẹ tó sọ pé ilé kan pọ́ọ́kú.

Ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò tíì wọ̀. Fídíò kì í ṣe ilé. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá kànga máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù kejì àti ìkẹta gan-an. Ẹ wo àjà yàrá fún àmì omi òjò. Ẹ bi wọ́n bóyá mítà iná jẹ́ tiyín nìkan tàbí ẹ máa jọ lò ó, ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí gbèsè ẹni tó ṣí kúrò má bàa di tiyín.

Yàtọ̀ sí owó ilé, owó ajẹ́ǹtì wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, níbòmíràn owó ìdúró-fún-ìbàjẹ́ tún wà. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó dúnàá dúrà. Ẹ rí onílé fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tí àwọn tẹ́náǹtì tó wà ńbẹ̀ mọ̀ sí aṣojú rẹ̀. Kí orúkọ onílé wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé yàrá kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́ta ló san owó rẹ̀.

Ẹ ro ti ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn. Lọ́dún 2022, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá ni ASUU fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Owó ilé ò dúró ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn. Tí onílé bá gbà kí ẹ san oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ yan ìyẹn, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ìyá Oníkóńgò
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ti sọ ìwé tó. Ebi ńkọ́?

Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹnì kan: ìrẹsì kóńgò kan, ẹ̀wà ààbọ̀ kóńgò, gààrí kóńgò kan, sùpàgẹ́tì mẹ́rin, iṣu kan tí kò tóbi, epo pupa ìgò kan, òróró ìgò kan, ẹyin díẹ̀, ẹja gbígbẹ díẹ̀. Ẹ rà á lọ́jà ìlú, ẹ má rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu họ́ọ̀sìtẹ́ẹ̀lì. Ẹni mẹ́ta tó bá dá owó ra báàgì ìrẹsì kékeré á jèrè, bí wọ́n bá pín in lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Èyí tí wọn ò pín ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ata díndín ni ọgbọ́n gbogbo rẹ̀. Kò sí fíríìjì, ẹ óò jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ bá ṣe é dáadáa. Ẹ lọ tòmátì, tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Ẹ sè é láìsí òróró títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ tán, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó da òróró sí i, ẹ dín in títí òróró á fi léfòó sókè. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ẹ fi ṣíbí gbígbẹ bù ú, ẹ gbé èyí tó kù kaná kó hó lárààárọ̀ àti lálaalẹ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: wọ́n dé e nígbà tó gbóná, òógùn ìdérí ń kán padà sínú rẹ̀, ó kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Tàbí wọ́n kánjú da òróró sí i nígbà tí omi ò tíì gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń bú tòmátì, tòmátì ò mọwọ́ ńbẹ̀.

Ẹ̀wà, iye tí ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ sè. Gààrí mímu dára lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí, ṣùgbọ́n gààrí kíkan lórí ikùn òfìfo láàárọ̀, lójoojúmọ́, á máa ta yín nínú.

Gáàsì: sìlíńdà 3 kg tó ẹnì kan. Ẹ pa ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi, ẹ fi kan ojú ibi tí ẹnu rẹ̀ ti so pọ̀. Tó bá ń hó yọ̀yọ̀, gáàsì ń jò, ẹ má ṣáná. Tí òfin ilé bá ní kí ẹ má dáná nínú yàrá, ẹ lo kíṣìnnì.

Nọ́ọ̀sì Ìrọ̀lẹ́
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá lórí gààrí. Ti ìlera: àyẹ̀wò ìwọlé tí ilé-ìwé ń ṣe (ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, àyà) kì í ṣe ayẹyẹ lásán. Ibẹ̀ ni fáìlì yín ti ń ṣí ní ilé ìwòsàn ọgbà. Ẹni tí kò bá ní fáìlì, ọjọ́ tí ibà bá gbé e dé ní aago méjì òru ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée (asthma), kó sọ fún ẹnì kan ní yàrá, kó sì fi ibi tí oògùn wà hàn án.

Ibà: ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní ibà jẹ́ àìsùn pẹ̀lú àìmu omi. Èyí mú mi dé orí TDB, àṣà kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́ ẹ bá máa ṣe é, kó má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ sùn wákàtí méjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ má sì fi ohun mímu alágbára inú agolo rọ́pò oorun. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ohun tí ẹ kà kò ní dúró. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe TDB.

Kọ́ọ̀sì-Rẹ́pù Àgbà
Ẹ dákun, mo fẹ́ sọ ọ̀kan: ẹ má darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kankan ní sáà àkọ́kọ́. Ìpàdé pọ̀ jù.

Ọmọ Mòsáḿbíìkì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń ṣe ẹ̀kọ́ àfikún ọ̀fẹ́ fún Part One, ọ̀dọ̀ wọn ni pasko tó péye wà. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ pé wọ́n ti yí gbọ̀ngàn tẹ́ẹ̀sì padà. Kó yan ẹgbẹ́ kan, ìpàdé kan lọ́sẹ̀. Kó má gba ipò. Ipò ló ń jẹ àkókò.

Kọ́ọ̀sì-Rẹ́pù Àgbà
Ìpàdé kan lọ́sẹ̀, láìgba ipò. Mo fara mọ́ ọn.

Àǹtí Agbẹjọ́rò
Ẹgbẹ́ tí ẹ ń sọ yìí, ọ̀kan wà tí kì í fi orúkọ ara rẹ̀ hàn. Ẹ kọ́ láti dá a mọ̀: wọ́n á ṣe yín lálejò púpọ̀, wọ́n á sanwó ọtí, wọ́n á wá pè yín síbi kan lóru láìsọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe. Ẹ má lọ. Ní 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Ifẹ̀, nínú họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọgbà yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin (àti ọkùnrin náà): tí olùkọ́ bá ń bèèrè ohun tí kì í ṣe ìwé kó tó fún yín ní máàkì, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Ẹ tọ́jú ìpè àti ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dá lọ sí ọ́fíìsì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀rí ṣe pàtàkì: ní oṣù kejìlá ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo rán olùkọ́ kan sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù ló sì kọ́kọ́ tú àṣírí náà.

Bàbá Onífáìlì
Ẹ jẹ́ kí n padà wá sórí owó. NELFUND, ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé, ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà. Owó ìtọ́jú ara, ₦20,000 lóṣù, inú àkáǹtì ọmọ ló ń wọ̀. Ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti sin ìjọba tán, tó bá sì ti ríṣẹ́.

Ó nílò NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé, àti àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀; ti màmá kò ṣe é. Ibi tó ti ń há: ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu. Ẹ rí ohun tí mo sọ lókè nípa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan? Tí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín san owó ilé-ìwé kí ẹ̀yáwó tó dé, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ bọ́sárì bí wọ́n ṣe máa dá a padà, ẹ mú rìsíìtì dání.

Jáḿbáìtì001
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kékeré kan ló kù: mátíràsì ńkọ́? Ṣé kí n rà á nílé ni?

Ọmọ Mòsáḿbíìkì
Má rà á nílé, owó ọkọ̀ rẹ̀ máa ju èrè rẹ̀ lọ. Mú téèpù ìwọnṣọ dání, wọn ibùsùn rẹ lọ́jọ́ tó o bá gba kọ́kọ́rọ́, kó o tó lọ sọ́jà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀, mẹ́fà ní gígùn ló wọ́pọ̀. Tó bá gbòòrò ju irin lọ, á máa yọ́ ọ dà sílẹ̀ lóru, pàápàá tó bá jẹ́ ibùsùn òkè ló kàn ẹ́. Ra ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo mátíràsì pẹ̀lú.

Jáḿbáìtì001
Ibùsùn òkè ló kàn mí lóòótọ́ mà. Mo ti kọ téèpù sínú ìwé ìrajà.